Èsì fún Ẹni tó Ń Béèrè Ẹkùn

Ìyáàfin Hedvig, mo kí yín láti ẹsẹ̀ òkè Maikal.
Mo rí lẹ́tà yín gbà. Ọmọ mi Sumarti ló kà á fún mi,
ẹ̀ẹ̀mejì ló kà á,
nítorí nígbà àkọ́kọ́ ẹ̀rín kò jẹ́ kí n gbọ́ ọ parí.
Ẹ ní ọjọ́ mẹ́rin péré lẹ ní.
Ẹ ní ṣé ó dájú pé ẹ ó rí ẹkùn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ èyí tó dájú.
Oṣù Keje, Oṣù Kẹjọ, Oṣù Kẹsàn-án, ẹ má wá.
Òjò ti jẹ ojú ọ̀nà, ìjọba ti ti géètì,
igbó ti padà di tara rẹ̀.
Bó bá jẹ́ Oṣù Kejìlá,
òtútù á bù yín jẹ nínú jíìpù tí kò lórí,
aya mi á gbé ike omi gbígbóná lé yín lẹ́sẹ̀ bí ọmọ ọwọ́.
Oṣù Karùn-ún ni kí ẹ wá,
nígbà tí a bá ti sá òdòdó máhúà gbẹ,
tí koríko ti rẹ̀, tí ojú lè rìn jìnnà,
tí odò bá ku ojú kan ṣoṣo
tí gbogbo ohun tó ní ọ̀fun gbọ́dọ̀ wá bẹ̀ ẹ́.
Oòrùn á sun yín. Mo ti sọ ọ́.

Ìwé àṣẹ ńkọ́? Ọgọ́fà ọjọ́ ṣáájú ni wọ́n ń ṣí i,
kí èèyàn tó sín lẹ́ẹ̀mejì, ó ti tán.
Sumarti á gun àpáta ẹ̀yìn ilé ẹ̀gbọ́n mi,
ibẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń mí,
á gbé fóònù sókè bí ẹni tó ń tọrọ òjò.
Torí náà ẹ kọ orúkọ yín bó ṣe wà nínú ìwé ìrìnnà,
lẹ́tà kan kò gbọdọ̀ yẹ̀.
Lọ́dún tó kọjá, ọkùnrin kan kọ orúkọ ìnagijẹ rẹ̀:
ẹnu géètì ló jókòó sí
títí ìyàwó rẹ̀ fi wọ igbó lọ, tó rí ẹkùn, tó sì bọ̀.
Wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ títí dé ibùdó ọkọ̀ ojú irin.

Aṣọ pupa, ẹ fi sílé. Lọ́fínńdà, ẹ fi sílé.
Ìbéèrè yín yẹn nìkan ni n kò mọ ibi tí kí ẹ fi í sí.

Ẹ gbọ́, ìyá mi.
Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, abo ẹkùn kan tó lápá lójú òsì
wọ àgbàlá wa lóru,
ó gbé ẹfọ̀n tí baba mi fi ń túlẹ̀.
Baba mi mú ọ̀pá, ó tọ ipa ẹ̀jẹ̀ dé etí igbó,
ó dúró.
Ó ní, “Ó ti ń jẹun.” Ó padà wálé.
Ọwọ́ la fi túlẹ̀ lọ́dún náà.
Owó gbà-má-bínú ti ìjọba dé lẹ́yìn oṣù mẹ́rìnlá.
Ọmọ abo yẹn, tàbí ọmọ ọmọ rẹ̀,
ló ń san owó ilé-ìwé Sumarti báyìí.
Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ta ló jẹ ta ní gbèsè?

N kò lè tà á fún yín. Kì í ṣe tèmi.
Etí mi ni mo lè tà.
Mo mọ igbe tí àgbọ̀nrín ń ké fún abo rẹ̀,
mo mọ èyí tó ń ké nígbà tí ikú ń rìn bọ̀.
Mo mọ bí ọ̀bọ ojú-dúdú ṣe ń húkọ́ lórí igi
nígbà tó bá rí ohun tí àwa kò rí.
Màá pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ kò ní lè mí.
Koríko á mì níbi tí atẹ́gùn kò sí.
Bóyá á jáde. Bóyá kò ní jáde.
Ṣùgbọ́n òun á ti rí yín.

Ẹ san ìdajì owó kí oṣù yìí tó parí;
Sumarti ti kọ nọ́ńbà àkáǹtì sí ẹ̀yìn ìwé.
Aya mi ní kí n bi yín bóyá ẹ ń jẹ ata.

Èmi ni,
Jhamlal Tekam.